Orin ijó tó ń pa mí lẹ́kún: ẹ wá bá mi gbọ́ àwo “Behaviour”

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́rú, 11:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Aránṣọ ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Iṣẹ́ aṣọ ẹbí ìyàwó kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Sátidé ni wọ́n fẹ́ wá kó o, nítorí náà òru ni mo fi ń rán an. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Kánádà ló fi àwo orin kan ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ó ní, “Máa gbọ́ èyí bí o bá ń ránṣọ. Má fo ìkankan o. Orin àkọ́kọ́ gan-an ni kí o fetí sí.” Behaviour lorúkọ àwo náà. Ọkùnrin méjì kan ní Ìlú Ọba ló ṣe é lọ́dún 1990, Pet Shop Boys ni wọ́n ń pe ara wọn.

“Being Boring” ni orin àkọ́kọ́ náà ń jẹ́, orin ijó ni mo kọ́kọ́ kà á sí. Ìlù ẹ̀rọ ń lọ, kíbọ́ọ̀dù ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́, ohùn ọkùnrin kan sì wà lórí rẹ̀ tí kò pariwo rárá, bí ẹni tó jókòó tì ọ́ tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Wọn ò fún wa níná, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti bá ìlù yẹn wọlé, abẹ́rẹ́ ń bá a lọ régérégé. Apá bùbá kan ni mò ń so mọ́ra nígbà tí etí mi ṣí sí ohun tó ń sọ.

Ó ní òun rí àwọn fọ́tò àtijọ́ àti ìwé ìpè sí òde àwọn ọ̀dọ́ tí òun ti kó pamọ́, ọ̀kan nínú wọn ní kí oníkálùkù wọ aṣọ funfun. Ní ẹsẹ kejì, ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó kúrò nílé. Ẹsẹ kẹta ló pa mí. Ó ti dàgbà, yàrá tí èèyàn háyà ló ń gbé kiri nílẹ̀ àjèjì, ó wá ń ronú kan àwọn tí wọ́n jọ ṣèwe: àwọn kan ṣì wà, àwọn kan ò sí mọ́.

Mo dá máṣíìnì dúró.

Àwa méje la jọ gbé ilé kan ní Apẹ̀tẹ́ nígbà tí a wà ní Pólì. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdánwò àṣekágbá, léèsì funfun ni gbogbo wa wọ̀, a ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Mẹ́rin ti lọ sókè òkun: ọ̀kan ní Kánádà, méjì ní Ìlú Ọba, ọ̀kan ní Ireland. Ọ̀kan wà ní Àbújá. Ọ̀kan kú lọ́dún 2021. Èmi ló kù n’Íbàdàn. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti ń gba orí rẹ̀ kọjá láìrí i.

Mo sunkún. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo tún orin náà fi sí i, tí mo padà sídìí iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi tún ń jó. Omijé ń bọ́, ẹsẹ̀ ń jó. Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni níbí rí? Kí ni wọ́n fi sínú orin yìí?

Jagun_Bódìjà · Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ òru, aránṣọ wa. Ọlọ́run á tẹ́ ọ̀rẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa di ọ̀rọ̀ wúwo sínú orin ijó. Bí mo bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, Haruna Ishola ni màá fi sí i. Màá jókòó, màá gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, màá gbọ́ àpàlà náà débi tí ó ń lọ. Bí mo bá wá fẹ́ jó, mo fẹ́ kí orí mi sinmi. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ fún mi, kò jẹ́ kí n jó dáadáa, kò sì jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa. Òógùn ni mò ń wá lójú agbo, mi ò wá omijé.

Ọmọ_Àyàn · Ọjọ́bọ̀, 7:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Jagun, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí lẹ́nu iṣẹ́.

Ìlù là ń lù nílé wa, mo bá a lọ́wọ́ bàbá mi, bàbá mi bá a lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Sátidé tó kọjá, ibi òkú àgbà kan la wà lágbègbè Ọjàaba. Ọmọ olóòkú wà lójú agbo nínú agbádá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, òun náà ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ayé yẹ. Èmi ni mo gbé ìyáàlù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá rẹ̀. Mo fi ìlù pe orúkọ bàbá náà, mo pe oríkì orílẹ̀ wọn, mo pe àdúgbò tí ó kọ́lé sí. Ọkùnrin náà kàn ṣàdédé di èjìká mi mú ni. Omi ń dà lójú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró o! Ó ń jó, ó ń sunkún, ó ní kí n tún bàbá òun pè. Mo tún un pè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ẹ wá wo bí ìlù wa ṣe tò. Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀. Ohun kan náà ni ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ń fi bílálà méjèèjì lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn omele tẹ̀lé e. Ìyáàlù nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nítorí pé gúdúgúdú ò yẹ̀ ni ìyáàlù fi lè sọ ohunkóhun tó bá wù ú, tó dùn ni o, tó korò ni o, tí ẹni tó ń jó kò sì ní ṣubú.

Mo gbọ́ orin tí aránṣọ ń sọ yẹn nínú mọ́tò láàárọ̀ yìí. Ìlù ẹ̀rọ yẹn, gúdúgúdú ni. Ohùn ọkùnrin yẹn ni ìyáàlù.

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀

Ọmọ Àyàn, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù · Ọjọ́bọ̀, 9:40 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ọjọ́ pípẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀ nígbà náà, níbi tí èèyàn ti lè gbójú sókè wo Cocoa House, ilé àwòṣífìlà yẹn.

Neil Tennant ni ẹni tó ń kọrin. Akọ̀ròyìn ni tẹ́lẹ̀, Smash Hits, ìwé ìròyìn orin kan, ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fi dá ṣáká bí ẹni ń ròyìn. Chris Lowe ni ìkejì, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló kọ́ ní yunifásítì. Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ orin ní London ni wọ́n ti pàdé lọ́dún 1981. Nígbà tó di 1986, “West End Girls” wọn gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ah, orin yẹn tà lọ́wọ́ mi!

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Behaviour, orin house, irú orin ijó kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, ti gba òde, bíìtì tó ń sáré ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lé. Àwọn méjèèjì kọrí sí Munich ní Jámánì, wọ́n lọ bá Harold Faltermeyer. Ẹ lè máà mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀: òun ló ṣe “Axel F,” orin inú fíìmù Beverly Hills Cop, tí ọmọdé àtàgbà ń fi ẹnu kọ láìmọ orúkọ rẹ̀. Nítorí àwọn synthesizer àtijọ́, kíbọ́ọ̀dù tó ń fi iná ṣẹ̀dá ohùn, tí ọkùnrin náà mọ̀ lò ni wọ́n ṣe lọ. Ohùn àwọn ẹ̀rọ yẹn kì í dúró gbọnrangandan sójú kan, a máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, a sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tí etí yín ń gbọ́ nìyẹn tí ẹ fi ń rò pé ẹ̀rọ náà ń mí.

Àwo yẹn dé ipò kejì ní Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n “Being Boring,” orin tí aránṣọ ń sọ, nígbà tí wọ́n gbé òun nìkan jáde ní oṣù November 1990, ipò ogún ló dé, kò gòkè mọ́.

Níbí náà, kò tètè wọ àwọn èèyàn létí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà lọ́jọ́ kẹta. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kásẹ́ẹ̀tì yìí ń sùn.” Mo bá a pààrọ̀ rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún dé, ó ní kásẹ́ẹ̀tì tó ń sùn yẹn dà. Mo ní mo ti tà á. Ó dúró síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ, kò sì ra nǹkan mìíràn.

Atúnfóònù_Ìwó · Ọjọ́bọ̀, 10:05 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọ̀rẹ́ tí kò sí mọ́ nínú orin yẹn, kí ló pa wọ́n? Ṣé ogun ni?

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù · Ọjọ́bọ̀, 10:52 àárọ̀

Éèdì ni, ọmọ mi. Tennant ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ kan tí àwọn jọ dàgbà ní Newcastle, tí éèdì pa, ló mú kí òun kọ orin náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bó ṣe rí. Ní 1990 yẹn, kò tíì sí àdàlù oògùn tí àwọn èèyàn ń lò báyìí tí wọ́n fi ń bá ìgbésí ayé wọn lọ. Ẹni tó bá ní in, wọ́n ti kà á mọ́ òkú. Níbí, orúkọ àrùn náà kì í jáde lẹ́nu. Wọ́n á ní ibà ni. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ẹni tó lókìkí jù tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ nípa rẹ̀ ni Fẹlá, ní August 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló dojú kọ àwọn akọ̀ròyìn tó sì là á mọ́lẹ̀ pé éèdì ni. Ìdákẹ́jẹ́ tó bá wa ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ò ṣe é sọ. Ilé ni mo jókòó sí lálẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ pọ̀, tí mo wá mọ ohun tó ṣeé ṣe kó pa ọ̀rẹ́ mi méjì ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú. Àwa náà ti pè é ní ibà. A ò lọ kí wọn tó bó ṣe yẹ.

Ẹ wá wo bí ọkùnrin yẹn ṣe kọ orin rẹ̀. Kò dárúkọ àrùn náà rárá. Kò ráhùn, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kan ń ka àwọn tó wà àti àwọn tí kò sí ni. Mo ti ta orin fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò rí ọ̀pọ̀ tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Atúnfóònù_Ìwó · Ọjọ́bọ̀, 10:58 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn.

Kíbọ́ọ̀dù_Challenge · Ọjọ́bọ̀, 9:15 alẹ́

Aránṣọ béèrè pé kí ni wọ́n fi sínú orin náà. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Challenge, mo sì ti fi earpiece sétí láti ọ̀sán, mò ń wá kọ́ọ̀dù rẹ̀ kiri.

Ìlù rẹ̀ kì í sáré, bí ìrìn ẹni tó ń dá rìn lálẹ́ ni. Lókè ìlù yẹn, kíbọ́ọ̀dù kan wà tó di ohùn mú tí kò fi í sílẹ̀, pad là ń pè é. Ìlù ń ní kí o dìde, pad ń ní kí o jókòó, ìwọ wà láàárín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá fẹ́ kí ìjọ ti inú ìyìn bọ́ sínú ìjọsìn, a kì í dá ìlù dúró lójijì. Ìlù ń lọ, èmi á rọra yọ májọ̀, kọ́ọ̀dù tó ń dún bí ayọ̀, kúrò, màá ki máínọ̀, èyí tó ń dún bí ìbànújẹ́, bọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń fi áńkáṣíìfù jó láìpẹ́ yìí, áńkáṣíìfù yẹn náà ni wọ́n á fi nu ojú, wọn ò sì ní dẹ́kun mímì. Mo ti rí i títí, mi ò ṣàwárí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, mo kàn mọ ibi tí ọwọ́ mi máa ń wà nígbà tó bá ṣẹlẹ̀ ni.

Wọ́n tún pe àwọn ọlọ́wọ́ orin wá. Angelo Badalamenti, ẹni tó kọ orin inú Twin Peaks, eré tẹlifíṣọ̀n kan, ló to fayolíìnì fún méjì nínú àwọn orin náà. Gìtá Johnny Marr, tó ti bá ẹgbẹ́ olórin The Smiths ṣeré tẹ́lẹ̀, wà nínú rẹ̀. Nínú orin kẹfà, “My October Symphony,” ẹ máa gbọ́ fayolíìnì Balanescu Quartet, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kan. Orin yẹn ń sọ̀rọ̀ olórin Rọ́ṣíà kan tó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yin ètò ìjọba, tí ètò náà wá ń wó lójú rẹ̀, tí kò sì mọ ohun tí yóò fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ ṣe mọ́. Ògiri Berlin wó ní November 1989, àwo yìí jáde ní October 1990. Ẹ ronú sí i: ìyẹn wà nínú àwo orin ijó.

Jagun_Bódìjà · Ọjọ́ Ẹtì, 5:50 àárọ̀

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mi ò tíì yí ohùn padà. Àwo tó ṣeé jó sí gan-an ni èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú rẹ̀ ní 1988, Introspective, orin mẹ́fà péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Èyí kì í ṣe ti ojú agbo.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun kan. Orin karùn-ún, “Only the Wind.” Ọkùnrin kan wà nínú ilé, nǹkan ń fọ́, ó ń sọ fún àwọn tó wà níta pé kò sí nǹkan, afẹ́fẹ́ lásán ni. Mo kọ́kọ́ rò pé afẹ́fẹ́ ló ń sọ lóòótọ́. Ìgbà tó yá ló yé mi pé ọkùnrin tó ń lu ìyàwó ni. Mo gbé ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá kan ilẹ̀kùn, bàbá náà á yọjú, á rẹ́rìn-ín, á ní tẹlifíṣọ̀n ni. Àwa náà á padà sílé. Ọdún mẹ́ta la fi gba ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n gbọ́. Mo gbọ́ orin yẹn tán, mi ò lè sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá lè jó sí i, ẹ máa jó. Èmi jókòó gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ àpàlà, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Àyàn · Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Òótọ́ lẹ sọ.

Atúnfóònù_Ìwó · Ọjọ́ Ẹtì, 12:10 ọ̀sán

Kí a má gbàgbé ti ilé o. William Onyeabor, ọmọ Enugu. Synthesizer ló kún inú ilé rẹ̀, àwo mẹ́jọ ló fi wọ́n ṣe láàárín 1977 àti 1985. Ìlù rẹ̀ á máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara rẹ ò ní dúró, ọ̀rọ̀ á sì wà nínú rẹ̀. Ó ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ “Good Name,” pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà, bí ẹni pé ìyá wa ló kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó fi ara fún ìgbàgbọ́, ó fi orin sílẹ̀ pátápátá. Ilé iṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà kó àwọn orin rẹ̀ jọ jáde ní 2013, ayé wá ń wá a kiri. Ó kú ní January 2017. Bí mo bá ń tún fóònù tó le, òun ni mo máa ń fi sí i.

Kíbọ́ọ̀dù_Challenge · Ọjọ́ Ẹtì, 12:31 ọ̀sán

Ọ̀gá ni Onyeabor. Àmọ́ tirẹ̀ ń kìlọ̀ ni, kò banújẹ́. Máínọ̀ tí mo sọ lánàá ò sí níbẹ̀.

Ọmọ_Ọjẹ́_ní_Manchester · Ọjọ́ Ẹtì, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ Ọjẹ́ ni mí, ìlú Manchester ni mo wà báyìí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe.

Ìlú tí mo wà yìí mọ nǹkan tí aránṣọ ń sọ. Ẹgbẹ́ olórin kan wà níbí tó ń jẹ́ Joy Division. Ní May 1980, ẹni tó ń kọrin fún wọn, Ian Curtis, gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọmọ ọdún 23 ni. Àwọn mẹ́ta tó kù ò túká. Wọ́n yí orúkọ padà sí New Order, ẹnì kan sì kún wọn. Wọ́n ra ìlù ẹ̀rọ. Ní 1983 wọ́n gbé “Blue Monday” jáde, ó lé ní ìṣẹ́jú méje, ìlù náà ń gúnlẹ̀ bí ọmọ odó, ohùn tó wà lórí rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tí nǹkan ti ṣe. Òde ijó gbà á. Wọ́n fi owó sí òde ijó kan níbí, Haçienda, ó ṣí ní 1982, wọ́n tì í ní 1997, wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ ilé ìgbé síbẹ̀. Orúkọ yẹn náà ṣì ni ilé náà ń jẹ́. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín sí ohun kan. Nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ ka àwọn tó lọ sókè òkun àti ọ̀rẹ́ yín tó kú pọ̀ lórí ìlà kan náà. Ó dùn mí. Èmi náà wà nínú fọ́tò kan lára ògiri ẹnì kan ní Ọjẹ́. Mi ò tíì kú. Bí ẹ bá pe àwa tí a lọ, a máa dáhùn. Ìgbà míì, ọjọ́ mélòó kan á kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ tí ìyá wa sọ wá pè wá.

Olùkọ́_Ẹlẹ́yẹlé · Ọjọ́ Ẹtì, 8:03 alẹ́

Ọmọ Ọjẹ́, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lóru.

Ẹ̀yin ará, ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ẹkún ìyàwó, aṣọ ìyàwó sì ni aránṣọ ń rán lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tó yí i ká, ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ẹkún ni yóò sun kiri. Ẹkún yẹn, ewì ni, orin ni. Ó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Yóò wọ aṣọ tó dára jù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á yí i ká, wọ́n á máa gbè é. Yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá, níwájú ìyá, yóò dúpẹ́ oore wọn, yóò bèèrè ìwúre, yóò sọ bí ẹ̀rù ilé tí kò mọ̀ ṣe ń bà á. Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fún un lówó, wọ́n á máa yìn ín pé ó mọ̀ ọ́n sun. Omijé gidi ló wà lójú rẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ ayọ̀ ni, ọjọ́ ìpínyà sì ni, kò sẹ́ni tó ní kó mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀.

Lóde òní, alága ìdúró àti alága ìjókòó ti gba gbohùngbohùn. Ìyàwó ń jókòó, wọ́n ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, wọ́n ń ya fọ́tò. Ó ń dùn mí pé a ò fún un láyè láti sun ún. Aránṣọ, ẹ tiẹ̀ bá mi bi ìyàwó tí ẹ ń ránṣọ fún bó ṣe rí lára rẹ̀.

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Iṣẹ́ parí, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sun oorun tó ní láárí ni.

Ọmọ Ọjẹ́, ẹ dárí jì mí. Òótọ́ ni. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, mo yọ fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri, mo nù ún, mo gbé e síwájú fóònù, mo sì pe àwọn márààrún pọ̀ lórí fídíò. Ó gba nǹkan bí wákàtí kan kí gbogbo wọn tó wọlé. Èyí tó wà ní Ireland wà nínú bọ́ọ̀sì, òtútù ń mú un, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Èyí tó wà ní Àbújá ń da àmàlà. A dárúkọ èyí tó kú. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni nínú wa ti dárúkọ rẹ̀ létí ẹnìkejì.

Olùkọ́, mo jẹ́ iṣẹ́ yín. Lánàá ni ìyàwó wá wọ aṣọ tirẹ̀ wò. Mo ní kó gun orí àpótí kí n lè wọn etí aṣọ nílẹ̀. Orin yẹn ń lọ lórí fóònù mi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, pín-ìn-nì wà lẹ́nu mi, mo wá rí i pé etí aṣọ tí mò ń wá bí yóò ṣe dúró ò dúró, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìlù náà lọ. Mo ní kó dúró díẹ̀. Ó dúró. Lẹ́yìn díẹ̀ ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọkùnrin yìí ń sọ? Ohùn rẹ̀ ò jọ ohùn ẹni tó ń gbádùn.”

Mo yọ pín-ìn-nì lẹ́nu, mo sọ ọ́ fún un: fọ́tò, aṣọ funfun, ọkọ̀ ojú irin, àwọn tó wà àti àwọn tí kò sí. Kò fèsì. Mo wá bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ pé ó ń lọ ilé ọkọ. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó ni òun àti ọkọ òun ń wọ ọkọ̀ òfurufú, ìwé àṣẹ ti jáde, ìyá òun ò tíì mọ pé ó ti súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ń kí òun kú oríire, òun sì ń dáhùn.

Orin náà parí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un fi sí i. Mo tún un fi sí i, mo padà sórí ìkúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, mo sì fi ọwọ́ kejì ki pín-ìn-nì bọ etí aṣọ náà bó ṣe ń mì.